Ọkọ̀ Tó Ń Ṣàìsàn Lọ́jọ́bọ̀

Ní abúlé Kamidani, láàárín àwọn òkè Shimane, bí o bá rí ọkùnrin kan tó ń gbé ife tíì méjì kalẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé òun nìkan ló wà nínú ilé, má pè é ní wèrè. Sakane Isao ni. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni, mẹkáníìkì ni, orí rẹ̀ sì pé ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ife méjì fún ogójì ọdún. Nígbà tí Fumiko ìyàwó rẹ̀ kú, kò sẹ́ni tó sọ fún ọwọ́ náà.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá títì tó gun òkè lọ, lábẹ́ páànù tó ti dípẹtà. Nígbà kan, ó ní ọmọ iṣẹ́ méjì. Ó ń tún katakata àwọn olóko ìrẹsì ṣe, ó ń tún bọ́ọ̀sì ilé ìwé ṣe, Fumiko á sì máa pariwo láti ilé ìdáná pé oúnjẹ ti tutù. Wọ́n ti ti ilé ìwé náà pa báyìí. Bọ́ọ̀sì kò gun òkè mọ́. Àwọn ọmọ lọ sí Hiroshima àti Osaka, wọn kì í sì í padà wá àfi bí ẹnìkan bá kú. Àwọn àgbà tó ṣẹ́ kù ń dá ìwé ìwakọ̀ wọn padà fún ọlọ́pàá lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí pé ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, gbogbo ìwé tí wọ́n bá sì dá padà, ọkọ̀ kan nìyẹn tí kò ní wá sọ́dọ̀ Sakane mọ́. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ló máa fi ibi tí wọ́n ti ń rí ẹnìkejì han èèyàn nígbà tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún?

Adachi tó ń pín lẹ́tà nìkan ló ń kọjá lójoojúmọ́, kì í sì í sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù rẹ̀.

"Bàbá Sakane, ẹ ò tíì ti ṣọ́ọ̀bù yìí pa? Àbí àwọn ọ̀bọ orí òkè lẹ̀ ń retí pé kí wọ́n gbé mọ́tò wá?"

"Ọ̀bọ sàn jù ọ́ lọ. Ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ kó tó bá èèyàn sọ̀rọ̀."

Adachi á rẹ́rìn-ín, á fún alùpùpù rẹ̀ níná, ó di ọ̀la.

Oníbàárà kan ṣoṣo tó kù fún Sakane ni Ìyá Kageyama, Kageyama Kinue, opó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin tó ń dá gbé lókè pátápátá, kìlómítà mẹ́rìnlá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ọkọ̀ funfun kékeré kan, irú èyí tí gbogbo àgbà ibẹ̀ ń wà. Ọkọ̀ yẹn ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun ló ń gbé e dé ilé ìwòsàn, dé ibi tó ti ń ra ẹja àti òróró, dé ibojì ọkọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Nobuaki, ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Hiroshima, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń sọ pé kí ìyá òun wá máa gbé ní ilé àwọn arúgbó nítòsí òun. Ìyá náà á ní òun gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́, kò kàn lọ ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan ní oṣù kẹrin, nígbà tí òjò dídì yọ́ tán, Ìyá Kageyama gbé ọkọ̀ wá kí Sakane bá a yọ táyà ìgbà òtútù. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ ló ti tẹrí ba títí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún.

"Sakane-san, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo tún gbé wàhálà wá bá yín o. Táyà ni mo bá wá, àmọ́ bí mo ṣe ń bọ̀, nǹkan kan tàn níwájú mi."

"Irú nǹkan wo, Màmá?"

"Ó dà bí ìkòkò kékeré tó nímú. Àwọ̀ ọsàn ni."

"Iná ẹ́ńjìnnì nìyẹn."

"Ṣé ó máa bú gbàù?"

"Bó bá máa bú ni, ẹ ò bá má tíì débí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bó bá bú níbí, kò ní jẹ́ èmi nìkan."

Sakane rẹ́rìn-ín. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu, nítorí pé kò rántí ìgbà tó rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí òróró, kò sí eruku, bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ tí wọ́n sì nù. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé obìnrin yìí mà mọ́ o. Ó mú ẹ̀rọ kékeré tó fi ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀, ó ki ẹnu wáyà rẹ̀ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì dúró. Nọ́ńbà kan jáde: sílíńdà kejì ń kùnà láti dáná.

"Kí ló wí?" Ìyá Kageyama na ọrùn.

"Ẹ rántí bí a ṣe máa ń gún ìrẹsì lọ́dún tuntun, nígbà tí èèyàn ṣì wà lábúlé yìí? Ọkùnrin mẹ́ta á yí odó kan ká, gbì, gbì, gbì."

"Ṣé mo lè gbàgbé? Ọkọ mi ló máa ń gún èèyàn níka."

"Ó dáa. Ẹ́ńjìnnì yín, ọmọ odó mẹ́ta ló ní. Kọ̀ǹpútà wá dà bí ìyá àgbà tó jókòó sí yàrá. Kò rí odó, etí ló fi ń tẹ̀ lé e. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbé ọmọ odó sókè tí kò gún un, ìró yẹn á fà díẹ̀, ìyá àgbà á sì mọ ẹni tó ṣe é. Bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan, á gbójú fò ó. Bó bá ń ṣe é léraléra, á tan iná."

"Ta ló wá ń ṣọ̀lẹ nínú wọn?"

"Ẹnìkejì."

"Mo mọ̀. Èyí àárín kì í gbọ́ràn nílé ẹnikẹ́ni."

Bí kọ̀ǹpútà náà ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn. Séńsọ̀ kan wà lẹ́bàá irin tí ẹ́ńjìnnì ń yí, ó ń ka yíyí rẹ̀ ní ìdá kékeré kékeré ìṣẹ́jú-àáyá. Bí sílíńdà kan kò bá dáná, irin náà á fà sẹ́yìn díẹ̀, díẹ̀ tí ara èèyàn lè má mọ̀, kọ̀ǹpútà á sì mọ̀. Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Á tún tọ́jú bí nǹkan ṣe rí ní ìṣẹ́jú tí ó tan iná: bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń tiraka tó. Á sì máa ka iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn láti ìgbà tí iná ti tàn. Sakane fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kì í parọ́ kì í sì í gbàgbé.

Ó pààrọ̀ kọ́ìlì sílíńdà kejì, èyí tó ń fún pílọ́ọ̀gì rẹ̀ níná, ó pa iná náà rẹ́, ẹ́ńjìnnì sì dún dáadáa. "Ẹ padà wá ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì, Màmá, kí n wo ohun tó bá kọ sílẹ̀." Lẹ́yìn náà ló gbé tíì kalẹ̀. Ife méjì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rin, ẹnìkan mu ife kejì.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, iná kò tàn. Ìyá Kageyama lọ sílé ìwòsàn, ó lọ sọ́jà, ó lọ síbojì, kò sí nǹkan kan. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, ó gbéra láti lọ sọ́dọ̀ Sakane, iná sì tàn lójú ọ̀nà. Sílíńdà kejì. Sakane pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì. Ọ̀sẹ̀ méjì tún kọjá láìsí wàhálà, Ọjọ́bọ̀ tún pé, iná tún tàn. Ó gbé kọ́ìlì kejì sí ipò kìíní, ti kìíní sí ipò kejì, láti mọ̀ bóyá àìsàn náà á tẹ̀ lé kọ́ìlì lọ. Kò tẹ̀ lé e. Sílíńdà kejì ni títí lọ.

Èyí dun Sakane nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin yìí lè fi etí lásán mọ ohun tó ń ṣe katakata láti òdìkejì odò. Àmọ́ kí n má purọ́, kò dùn ún dé ọkàn. Nítorí pé gbogbo Ọjọ́bọ̀ kejì kejì, ní aago mẹ́wàá, ọkọ̀ funfun á yọ ní kọ̀rọ̀, Ìyá Kageyama á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú nǹkan kan tí ó fi aṣọ dì: gbòǹgbò funfun kan tí wọ́n ń rẹ sínú iyọ̀ jẹ lọ́jọ́ kan, ọmọ ọparun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù lọ́jọ́ mìíràn. Wọ́n á mu tíì. Ìyá náà á sọ ti ọkọ rẹ̀ tó máa ń hanrun títí ajá àdúgbò fi ń gbó. Sakane á sọ ti Fumiko tó lè sọ̀rọ̀ láti ìlẹ̀kùn dé ìlẹ̀kùn láìmí. Wákàtí kan, nígbà mìíràn wákàtí kan àbọ̀. Bó bá ti lọ tán, Sakane á fọ ife méjèèjì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí á ní, kí ló dé tí wọn ò kàn máa bẹ ara wọn wò? Ẹ ò mọ ibẹ̀ ni. Ní òkè yẹn, èèyàn kì í kàn dìde kó lọ jókòó sílé ẹlòmíràn. Ó gbọ́dọ̀ ní ìdí. Bí ìdí ò bá sí, wàhálà lo gbé lọ bá olúwarẹ̀, ìtìjú ni. Opó kan àti ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ti kú lè máa gbé ní kìlómítà mẹ́rìnlá síra wọn fún ogún ọdún, kí wọ́n má rí ara wọn ju ìgbà yíyọ táyà àti ìgbà wíwọ táyà lọ. Inú máa ń bí mi sí àṣà yìí, èmi tí mo ti pẹ́ láàárín wọn. Àmọ́ àṣà wọn ni, ó sì ti wọ̀ mí lára.

Ní ìparí oṣù kẹjọ, Nobuaki fóònù sí ṣọ́ọ̀bù. Ohùn rẹ̀ tutù, ó ń kánjú.

"Ọ̀gá Sakane, ẹ kú iṣẹ́. Mi ò fẹ́ rí yín fín rárá, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń gbìyànjú. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni iná yẹn ti tàn láti oṣù kẹrin. Ọ̀nà tí Màmá mi ń gbà, òkè lọ́tùn-ún, kòtò lósì. Ìparí oṣù kẹsàn-án ni àyẹ̀wò ìjọba, ẹ sì mọ̀ pé ọkọ̀ tí iná yẹn bá ń tàn lórí ẹ̀ ò lè kọjá."

"Mo mọ̀."

"Bó bá wá tún tàn kó tó dìgbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó. Mò ń gbé ọkọ̀ yẹn kúrò lọ́wọ́ wọn, mo sì ń mú wọn wá síbí. Mo ti rí ibì kan. Yàrá kan ṣoṣo ni, àmọ́ ó mọ́."

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, Sakane gbé ìwé tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sí jáde. Ó ti da gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà náà tọ́jú kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì kà wọ́n papọ̀ rí. Ìgbà mẹ́wàá. Ìgbà mẹ́wàá náà, ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná tán. Ìgbà mẹ́wàá náà, ẹ́ńjìnnì ń tiraka, ọkọ̀ ń gun òkè kékeré tó wà nítòsí ilé ìyá náà kí ọ̀nà tó máa sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà mẹ́wàá náà, ó ti rìn kìlómítà méjìlá láti ìgbà tí iná ti tàn kó tó dé ṣọ́ọ̀bù. Mẹ́rìnlá ni gbogbo ọ̀nà náà. Ìyẹn ni pé kò tíì kúrò nílé ju kìlómítà méjì lọ tí iná fi ń tàn, kì í sì í tàn ní ọjọ́ mìíràn, àfi Ọjọ́bọ̀ tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ọkọ̀ yìí," ó wí fún ife kejì, "èmi nìkan ló ń bẹ̀rù."

Ní Ọjọ́bọ̀ tí ìyá náà tún máa wá, kò dúró ní ṣọ́ọ̀bù. Aago méje àárọ̀ ló gbé ọkọ̀ akẹ́rù kékeré rẹ̀, ó gun òkè lọ láti tẹ̀ lé ọkọ̀ funfun náà lẹ́yìn láti ilé Ìyá Kageyama, kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí iná náà á ti tàn. Ó dúró sí ìsàlẹ̀ ilé, lẹ́bàá igi eléso kan, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láti lọ kí ìyá náà. Kò dé ibi tó ń lọ.

Ìyá Kageyama wà ní iwájú ilé pẹ̀lú bàtà òjò, tówẹ̀ẹ̀lì lórí. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà wà ní ṣíṣí. Ó mú rọ́bà omi dání, ó ń da omi sórí ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń wẹ ọmọ, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ kan ń ha àárín àwọn kọ́ìlì. Ó ń sọ̀rọ̀. Sakane kọ́kọ́ rò pé òun ló ń bá sọ̀rọ̀, ó fẹ́ dáhùn.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ìyá náà ń wí fún ọkọ rẹ̀ tó ti kú. "Mi ò ní jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ pé a kì í gbé nǹkan ìdọ̀tí lé ọwọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ wò ó bó ṣe ń dán."

Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú ṣòkòtò ló wà. Rọ́bà ẹnu wáyà tó wọ kọ́ìlì kejì ti sán, ó sán tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Omi ń gba ibẹ̀ wọlé. Bí ọkọ̀ bá ti gun òkè àkọ́kọ́, iná mànàmáná á bọ́ sínú omi náà, sílíńdà kejì á kùnà, kọ̀ǹpútà á sì tan iná. Bó bá fi máa dé ṣọ́ọ̀bù, ooru ẹ́ńjìnnì á ti fa gbogbo rẹ̀ gbẹ, mẹkáníìkì ò ní rí ohunkóhun àfi ẹ́ńjìnnì tó mọ́. Àwọn èèyàn ibẹ̀ nìkan ló lè kó sírú eléyìí. Àwọn ni wọ́n ń gbálẹ̀ ilé kí ẹni tó fẹ́ wá gbálẹ̀ tó dé. Wọ́n ní ìmọ́tótó borí àrùn, òun sì ni àrùn ọkọ̀ yìí.

Ó yẹ kí ó ké sí i. Ẹsẹ̀ mẹ́wàá péré ló wà láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni: "Màmá, ẹ fi omi sílẹ̀." Iná ò ní tàn mọ́ láéláé, ọkọ̀ á kọjá àyẹ̀wò, Nobuaki á dákẹ́. Ìyá Kageyama á sì máa wá sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, yíyọ táyà àti wíwọ táyà. Sakane dúró lábẹ́ igi yẹn títí ìyá náà fi ti rọ́bà omi pa. Lẹ́yìn náà ó rọra padà sínú ọkọ̀ rẹ̀, kò tan ẹ́ńjìnnì, ó jẹ́ kó máa yí lọ sísàlẹ̀ títí tí ilé fi kúrò lójú.

Mi ò ní gbè é. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n mi ò ní gbè é.

Ní aago mẹ́wàá, ọkọ̀ funfun dé. Iná ń tàn. Ojú Ìyá Kageyama ti pọ́n.

"Sakane-san, ó tún tàn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún Nobuaki."

Sakane la ẹnu. Ó rí aṣọ tí ìyá náà dì dání, òórùn ìgbá tí wọ́n rẹ sínú iyọ̀ ń jáde lára rẹ̀.

"Nǹkan tó fara pamọ́ ni, Màmá. A máa rí i. Ẹ padà wá ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ṣé kò ní dí yín lọ́wọ́?"

"Kí ló ń dí mi lọ́wọ́?"

Ó ti ṣètò rẹ̀ sínú. Ọjọ́bọ̀ yẹn á ṣẹ́ ku ọjọ́ mẹ́rin sí àyẹ̀wò. Á mú ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, á jẹ́ kó gbẹ, á pààrọ̀ ẹnu wáyà náà, á fúnra rẹ̀ gbé e lọ fún ìjọba, á wá sọ òótọ́ fún ìyá náà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa pàdánù nǹkan kan. Ọjọ́bọ̀ kan sí i ló fẹ́, ìyẹn nìkan. Wọ́n mu tíì lọ́jọ́ náà, ìyá náà sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ yẹn kò dé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú rẹ̀ ni ọjọ́ ìsinmi tí gbogbo ilé ń lọ sí ibojì àwọn baba ńlá wọn. Ní ọ̀sán, Sakane gbọ́ ìró ọkọ̀ funfun náà kó tó rí i, ó sì mọ̀ láti inú ilé pé ọ̀kan nínú ọmọ odó mẹ́ta náà ti dákẹ́. Nobuaki ló ń wà á. Ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú páálí tí ó fi aṣọ dì lórí itan. Iná náà ò kàn tàn, ó ń ṣẹ́jú.

Nobuaki sọ̀ kalẹ̀, ó tẹrí ba. 

"Ọ̀gá Sakane, ẹ jọ̀ọ́, a ò sọ fún yín ká tó wá. Ibojì la ti ń bọ̀. Ní kọ̀rọ̀ òkè yẹn, ọkọ̀ jẹ́kì, jẹ́kì, kò gùn mọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù igi wà lẹ́yìn wa. Ó yà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Mo rò pé a ti kú nìyẹn." Ó mí. "Màmá ló ní ká dúró síbí ká kí yín, ká dúpẹ́. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n wà á mọ́."

"Mo kúkú fọ̀ ọ́ dáadáa láàárọ̀ yìí," Ìyá Kageyama wí, ohùn rẹ̀ kéré, "torí pé a máa débí."

Sakane sún mọ́ ọkọ̀ náà. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ibojì ò jìnnà sí ilé wọn, ọkọ̀ náà sì ti tutù níbẹ̀ fún wákàtí kan gbáko. Omi ṣì wà káàkiri. Ó fa ẹnu wáyà kejì yọ, ó gbọ̀n ọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ẹ̀kán omi kan bọ́ síbẹ̀. Ó na ọwọ́ náà sí wọn.

"Omi ni. Màmá ń fọ ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Omi ń wọ ibí yìí. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ń bọ̀ níbí nìkan ló ń tàn."

Nobuaki wo omi náà. "Ìsinsìnyí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀?"

Ó rọrùn láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀, kọ̀ǹpútà pàápàá ò ní mọ̀.

"Rárá," Sakane wí. "Mo ti mọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún. Mo lọ sílé yín láàárọ̀. Mo rí wọn."

"Ẹ wá dákẹ́?"

"Mo dákẹ́."

"Kí ló dé?"

Sakane wo tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí ife méjì da ojú dé lórí aṣọ.

"Bí mo bá sọ, wọn ò ní nídìí àtiwá mọ́."

Nobuaki kì í ṣe ènìyàn burúkú, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Kò bú ọkùnrin náà. "Ká ní ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn ni," ó wí níkẹyìn, "mi ò bá má rí ohun tí mo rí lónìí. Mo ti fóònù síbẹ̀ láti ibi tá a dúró sí. Mo ti gba yàrá náà." Ó yíjú sí òkè. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi mọ́, Ọ̀gá. Mi ò lè sùn mọ́."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni Sakane ò lè gbàgbé. Ìyá Kageyama sún síwájú, ó gbé páálí náà sílẹ̀ lórí àga, ó pa ọwọ́ pọ̀, ó sì tẹrí ba fún un, ó tẹ̀ títí kò fi rí ojú rẹ̀ mọ́.

"Nígbà náà, èmi ni mo ń dà yín láàmú láti oṣù kẹrin. Gbogbo iṣẹ́ yẹn, gbogbo Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, Sakane-san, ẹ foríjì mí."

"Màmá, ẹ dìde. Èmi ni mo jẹ̀bi."

"Ẹ foríjì mí."

"Ẹ dìde, mo bẹ̀ yín."

Kò dìde títí ọmọ rẹ̀ fi dì í lápá mú. Inú páálí náà ni ìrẹsì alálẹ̀mọ́ tí wọ́n fi ẹ̀wà pupa dídùn bò, irú èyí tí wọ́n ń gbé lọ síbojì. Méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún Fumiko, ọ̀kan fún un. Nobuaki pe ọkọ̀ takisí láti ìsàlẹ̀. Kí ó tó wọ inú takisí náà, ìyá náà yíjú padà sí ọkọ̀ funfun rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ máa tan án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí bátìrì ẹ̀ má kú."

Lọ́jọ́ kejì, Sakane pààrọ̀ ẹnu wáyà náà. Kò gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Òjò dídì ti bẹ̀rẹ̀ báyìí ní Kamidani. Adachi ń kọjá pẹ̀lú ṣéènì lára táyà alùpùpù rẹ̀, kò sì fi ọ̀bọ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́; lọ́jọ́ kan ó tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Bàbá Sakane, ẹ jẹun ṣá." Nọ́ńbà fóònù ilé àwọn arúgbó náà wà lára ògiri, Nobuaki ló fi ránṣẹ́. Sakane kò tíì pè é rí. Kí ló fẹ́ wí? Èèyàn kì í kàn gbé fóònù sókè kó da ẹni ẹlẹ́ni láàmú láìnídìí. Ká ní nǹkan ṣe ọkọ̀ rẹ̀ ni, ìyẹn ìdí gidi ni. Ó di dandan kéèyàn sọ fún olówó ọkọ̀.

Nítorí náà, ní Ọjọ́bọ̀ kejì kejì, ní aago mẹ́wàá, ó ń gbé ife méjì kalẹ̀, á wọ inú ọkọ̀ funfun náà, á sì tan án. Kì í jókòó sí ibi ìwakọ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì ló ń jókòó sí, á na ọwọ́ láti yí kọ́kọ́rọ́. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ń gbàdúrà kí iná yẹn kú lára ọkọ̀ èèyàn, òun náà ló wá ń tẹjú mọ́ ọn báyìí pé kó tàn. Á dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná. Ọmọ odó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gún, kò sí èyí tó ń ṣọ̀lẹ. Lẹ́yìn náà, á ki ẹnu wáyà ẹ̀rọ rẹ̀ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, á bi kọ̀ǹpútà náà léèrè, bóyá ó gbọ́ nǹkan tí etí òun ò gbọ́, kọ̀ǹpútà náà á sì dá a lóhùn pé kò sí àṣìṣe kankan.